Sarah Vaughan àti báǹdì kékeré: èwo ni kẹ́ ẹ fowó rà nínú àwọn àwo ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwo Sarah Vaughan, akọrin jáàsì ará Amẹ́ríkà yẹn, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Láti 1944 ni obìnrin yìí ti ń gba orin sílẹ̀, ó sì ń bá a lọ títí wọ inú àwọn ọdún 1980, torí náà àwo ẹ̀ pọ̀ lọ súà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ pé okẹ́sítírà ńlá ló wà lẹ́yìn ẹ̀, fayolíìnì lọ́tùn-ún, fayolíìnì lósì, ohùn ẹ̀ á wá máa wá ọ̀nà gbà láàárín wọn. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ tó bá jẹ́ ohùn yẹn gan-an lẹ̀ ń wá, bó ṣe máa mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látòkè téńté tó sì máa rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún láìmí, àwọn àwo tí èèyàn méjì, mẹ́ta, mẹ́fà péré bá a ṣe ni kẹ́ ẹ wá lọ. Orin inú wọn, àwọn èyí tí wọ́n kọ fún tíátà Broadway àti fíìmù láyé ọjọ́un ló pọ̀ jù, tí gbogbo olórin jáàsì ti kọ títí tó fi di tiwọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti fi wọ́n wéra, torí orin kan náà lẹ máa bá nínú àwo méjì, ọ̀tọ̀ sì ni bó ṣe kọ ọ́ níbí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan díẹ̀ nípa ẹ̀ ká tó wọnú ọjà. Newark ní New Jersey ni wọ́n bí i sí ní 1924, ó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, ó jáwé olúborí nínú ìdíje Apollo Theater ní Harlem ní 1942, ni Earl Hines bá mú un wọ báǹdì ẹ̀, ibẹ̀ ló ti tẹ̀ lé Billy Eckstine lọ sí báǹdì tí Dizzy Gillespie àti Charlie Parker, àwọn ọ̀gá jáàsì, wà. Dùrù yẹn ṣe pàtàkì o. Ẹni tó mọ dùrù tẹ̀ ti mọ ibi tí ọwọ́ onípíánò ń lọ kó tó débẹ̀, ìdí nìyẹn tí Sarah fi máa ń fi ohùn síbi tí ọ̀pọ̀ olórin ò tiẹ̀ mọ̀ pé àyè wà.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí gbogbo ayé ń pariwo, ìyẹn èyí tó ṣe pẹ̀lú Clifford Brown. Oṣù Kejìlá 1954 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní New York fún EmArcy, ìyẹn ẹ̀ka jáàsì ilé-iṣẹ́ Mercury. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, Sarah Vaughan lásán ni wọ́n pè é, ìgbà tó yá ni wọ́n wá ń tà á ní Sarah Vaughan with Clifford Brown, ẹ má lọ rò pé àwo méjì ni kẹ́ ẹ wá ra nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Clifford Brown fọn trumpet, Paul Quinichette wà lórí saxophone, Herbie Mann fọn fèrè, Jimmy Jones tẹ píánò, Joe Benjamin mú báàsì, Roy Haynes lu ìlù, Ernie Wilkins ló sì to orin fún wọn. Orin 9 péré ló wà níbẹ̀. Lullaby of Birdland ló ṣíwájú, ẹ máa gbádùn ẹ̀, mi ò ní parọ́, ohùn ẹ̀ àti àwọn fèrè yẹn ń wọnú ara wọn débi tẹ́ ẹ máa fi gbàgbé èwo lẹnu èèyàn nínú ẹ̀. Clifford Brown ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀, jàǹbá mọ́tò ló pa á ní 1956, ọmọ ọdún 25, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn tó ń kó àwo jọ máa lé e kiri tí owó èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nínú ẹ̀ sì fi ga bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ tèmi ṣá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ báǹdì jáàsì tó pé, tí akọrin kan wà láàárín wọn, ẹ ra á, ẹ ò ní kábàámọ̀. Tó bá jẹ́ torí ohùn Sarah lẹ ṣe fẹ́ ra á, ẹ rò ó dáadáa, torí gbogbo àwọn afunfèrè yẹn ló máa gba àyè tiwọn, April in Paris gùn ju ìṣẹ́jú 6 lọ, kì í sì í ṣe Sarah ló ni gbogbo ẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ Embraceable You nínú àwo yẹn kan náà. Àwọn afunfèrè sinmi níbẹ̀, ó ku píánò, báàsì àti ìlù. Ẹ gbọ́ bí inú yàrá yẹn ṣe ṣófo lójijì tí ohùn ẹ̀ wá gba gbogbo ẹ̀. Tí ibẹ̀ bá dùn mọ́ yín ju ìyókù lọ, a jẹ́ pé Swingin' Easy lẹ̀ ń wá tẹ́ ẹ ò mọ̀.

Swingin' Easy, 1957 ló jáde lórí EmArcy kan náà, àmọ́ ìgbà méjì ni wọ́n gba orin inú ẹ̀: oṣù Kẹrin 1954, John Malachi ló wà lórí píánò, Joe Benjamin lórí báàsì, oṣù Kejì 1957, Jimmy Jones àti Richard Davis ló bọ́ síbẹ̀. Roy Haynes ló lu ìlù nínú méjèèjì. Torí náà ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀ díẹ̀ láti orin kan sí òmíì, ti 1954 fúyẹ́ díẹ̀, ti 1957 ti mọ́wọ́ ara wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Shulie a Bop, ohùn lásán ló fi ń ṣeré láìsí ọ̀rọ̀ orin kankan, ó wá ń dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń bá a ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú á sì dáhùn pẹ̀lú ohun èlò tiẹ̀. Ibi tó ti dárúkọ Roy Haynes, àfi kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Bàbá yẹn pẹ́ láyé o, 2024 ló tó kú, ẹni ọdún 99. Polka Dots and Moonbeams náà wà níbẹ̀, Prelude to a Kiss náà, All of Me náà, kò sí orin táá ní kẹ́ ẹ fò kọjá.

Bí ẹ bá ti ní Swingin' Easy, ṣé ẹ tún nílò At Mister Kelly's? Tiréò 1957 yẹn náà ni, Jimmy Jones, Richard Davis, Roy Haynes, kìkì pé inú kílọ́ọ̀bù kan ní Chicago ni wọ́n ti gbà á, oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Èrò tèmi ni pé ẹ nílò ẹ̀, torí inú èyí lẹ ti máa mọ ìwà ẹ̀. Bó ṣe ń kọ Willow Weep for Me lọ, nǹkan ṣàdédé já lulẹ̀ gbàgà, olórin míì á dá orin dúró, òun wá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ orin, ó ń fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ohùn orin yẹn gan-an, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, kò sì kúrò lórí ìlù lẹ́ẹ̀kan. Ti CD ni kẹ́ ẹ rà o, torí orin 9 ló wà nínú àwo ńlá ti ìgbà yẹn, wọ́n sì ti fi òmíì tó pọ̀ kún un nígbà tí wọ́n tún un ṣe sórí CD. Ẹni tí ariwo ife àti ẹ̀rín èèyàn bá ń bí nínú kó fi í sílẹ̀ jàre.

Ibi tí mo ti fẹ́ jókòó dáadáa nìyí: After Hours àti Sarah + 2. Ilé-iṣẹ́ Roulette ló gbé méjèèjì jáde. Kò sí píánò, kò sí ìlù, gìtá kan, báàsì kan, òun. Orin láìsí ìlù dà bí ọbẹ̀ tí wọn ò sọ ata sí, bí ẹran ò bá dáa kíá lẹ máa mọ̀. After Hours, 1961 ni, Mundell Lowe lórí gìtá, George Duvivier lórí báàsì. Sarah + 2, 1962 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Los Angeles, Barney Kessel lórí gìtá, Joe Comfort lórí báàsì. Ẹni tó bá rí i lórí bébà lásán á rò pé ìkan náà ni wọ́n. Rárá o. Mundell Lowe kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, á fi gìtá tẹ ilẹ̀ fún un, á kúrò lọ́nà, Sarah náà ò sì sáré, orin inú ẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, Sophisticated Lady, Ill Wind, In a Sentimental Mood, gbogbo orin òru. Barney Kessel ní tiẹ̀ ń ta gìtá bí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbélẹ̀, Just in Time ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ti máa mi orí. When Sunny Gets Blue inú ẹ̀ dáa gan-an ní tòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé àwọn orin tútù inú méjèèjì síra, ti After Hours wọlé ju tọ̀hún lọ, torí kò sẹ́ni tó ń kánjú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. My Favorite Things àti Ev'ry Time We Say Goodbye wà nínú After Hours, orin méjèèjì yẹn náà ló wà nínú àwo tí John Coltrane, ọ̀gá onísaxophone yẹn, gbé jáde ní 1961 yẹn kan náà. Coltrane fa My Favorite Things gùn lọ bíi kó má parí mọ́, Sarah sì kọ ọ́ ní kúkurú, kò ṣe àṣehàn kankan. Tẹ́ ẹ bá ní ti Coltrane nílé, ẹ gbé wọn tẹ̀ léra lálẹ́ ọjọ́ kan.

Tó bá jẹ́ owó àwo kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, After Hours ni mo máa ní kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti Clifford Brown. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ti ya wèrè. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí o: àwo méjì ló ń jẹ́ After Hours! Columbia ti gbé òmíì jáde ní 1955 pẹ̀lú orúkọ yẹn kan náà, àwọn orin tó kọ fún wọn kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ìyẹn ò sì jọ èyí rárá. Roulette ni kẹ́ ẹ wò, àti orúkọ Mundell Lowe. Tí ẹni tó ń tà á ò bá kọ ìkankan nínú méjèèjì, ẹ bi í.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìgbà tí ohùn ẹ̀ ti rinlẹ̀. Live in Japan ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án 1973, Carl Schroeder lórí píánò, John Gianelli lórí báàsì, Jimmy Cobb lórí ìlù, fún Mainstream, ilé-iṣẹ́ Bob Shad tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ látìgbà EmArcy. Ó gùn, ó kún, èrò ń pàtẹ́wọ́ bí òjò, ó sì jókòó sídìí píánò fúnra ẹ̀ kọ The Nearness of You. Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti Amẹ́ríkà, mú un ní 2006 sínú àwọn àwo tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ fún orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n máa ń ta CD ẹ̀ ní apá kìíní àti apá kejì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wo orúkọ orin ara ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó rà, kí The Nearness of You má lọ wà nínú èyí tẹ́ ẹ ò rà.

Àwọn méjì tó kù, Pablo ló gbé wọn jáde, ilé-iṣẹ́ tí Norman Granz dá sílẹ̀. How Long Has This Been Going On? jáde ní 1978, ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀: Oscar Peterson lórí píánò, Joe Pass lórí gìtá, Ray Brown lórí báàsì, Louie Bellson lórí ìlù. Orúkọ ńlá ńlá. Ìṣòro tèmi ni pé ọwọ́ Oscar Peterson kì í sinmi, ibi tí Sarah bá ti fẹ́ fà á gùn, Peterson á ti fi nǹkan bíi ogún dí ibẹ̀. Ohun tó gba àwo yẹn là ni pé Sarah fún oníkálukú ní orin kan tí òun àti onítọ̀hún nìkan jọ ṣe. Body and Soul, òun àti báàsì Ray Brown, kò sí nǹkan míì. Orin yẹn náà wà nínú Swingin' Easy, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló kọ ìyẹn, ohùn ẹ̀ mọ́ lóló, ó ń fò láti òkè bọ́ sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Ní 1978 ó ti pé 54, ohùn ti wúwo, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti jinlẹ̀ bíi ti ọkùnrin, kò sì fò mọ́, ó ń fẹsẹ̀ rin orin yẹn. Ẹ gbọ́ méjèèjì kẹ́ ẹ tó pinnu èwo lẹ fẹ́ fowó lé nínú ìgbà èwe àti ìgbà àgbà.

Tẹ́ ẹ bá mú ti àgbà, Crazy and Mixed Up (oṣù Kẹta 1982) dáa ju ti 1978 yẹn lọ, lójú tèmi ó tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ dáa tó After Hours. Òun fúnra ẹ̀ ló darí bí wọ́n ṣe ṣe é, Roland Hanna ló tẹ píánò, Joe Pass tún wà níbẹ̀, Andy Simpkins lórí báàsì, Harold Jones lórí ìlù. Autumn Leaves inú ẹ̀, kò kọ ọ̀rọ̀ orin kankan, kò tiẹ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn orin tẹ́ ẹ mọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ń fi ẹnu sáré, Joe Pass ń lé e. Love Dance àti The Island náà wà níbẹ̀, orin Ivan Lins ará Brazil ni méjèèjì. Àléébù ẹ̀ ò ju pé ó kúrú, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ó lé díẹ̀ lásán, orin 8.

Lórí ọ̀rọ̀ owó: àwo EmArcy ti ìgbà yẹn gan-an wọ́n, pàápàá tó bá mọ́, Pablo kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ti 1950s yẹn, mono ni wọ́n, ìyẹn ni pé ohùn kan náà ló ń jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ sí pé wọ́n sọ ọ́ di stereo lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ fi sílẹ̀, ńṣe ni ohùn ẹ̀ máa ń dún bíi pé inú kànga ló wà. Ẹ̀tọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó gba àwọn àwo yẹn sílẹ̀ ní lórí wọn ti parí ní Yúróòpù, torí náà àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ibẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wù wọ́n, wọ́n máa ń fi àwo méjì sínú CD kan, owó ẹ̀ ò sì pọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló rí téèpù àkọ́kọ́ lò, àwọn míì kàn da CD àwọn ẹlòmíì kọ ni. Ẹ gbọ́ ọ lórí Spotify tàbí YouTube ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá sì jẹ́ àwo àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò àárín àwo náà ránṣẹ́ sí yín, torí páálí After Hours lè wà níbẹ̀ kó jẹ́ àwo míì ló wà nínú ẹ̀.