Ìgò mẹ́ta nídìí oúnjẹ alẹ́: Chablis, Riesling àti Rioja

Kí oúnjẹ tó dé orí tábìlì ni mo ti kọ́kọ́ tọ́ Rioja náà, wáìnì pupa láti ilẹ̀ Sípéènì, wò, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ṣe ni ẹnu mi gbẹ táútáú, bí ìgbà téèyàn mu tíì tí wọ́n gbàgbé sínú omi gbígbóná. Mo ti ń wá ibi tí n ó gbé ìgò náà sí nígbà tí ìyàwó mi ní, "Ẹ fi sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká jẹun." Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀.

Àwa mẹ́rin la jókòó jẹun: èmi àti ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀. Wáìnì funfun méjì la ní, àti pupa kan.

Chablis la fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹja tí a fi bọ́tà dín. Àríwá Burgundy ní ilẹ̀ Faransé ni Chablis ti ń wá, àjàrà Chardonnay nìkan ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ṣe é. Ẹni tó bá ti mu irú Chardonnay tó nípọn, tó ń rùn bíi fàníílà, lè jiyàn pé àjàrà kan náà kọ́ nìyí. Èyí fúyẹ́, ó mọ́ lẹ́nu, ó sì kan bí ápù tí kò tíì pọ́n. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún ìkarahun ẹ̀dá inú òkun tó ti di òkúta, àwọn kan a sì máa sọ pé ìkarahun yẹn là ń tọ́ wò nínú ife. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọjọ́ tó tutù níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí kíkan àjàrà náà lọ, kíkan yẹn ló sì gé ọ̀rá bọ́tà náà kúrò lẹ́nu wa, tó fi jẹ́ pé gbogbo òkèlè ẹja ló dà bí àkọ́kọ́. Àṣìṣe kan ni mo ṣe: mo gbé e jáde nínú fíríìjì lójú ẹsẹ̀, mo sì bu ú. Ife àkọ́kọ́ kò ní òórùn kankan. Nígbà tí otútù náà dínkù díẹ̀, bíi ìwọ̀n Celsius 10 sí 12, ìgbà náà la tó mọ ohun tí à ń mu.

Adìẹ aláta ló tẹ̀ lé e, ata rẹ̀ sì mú. Riesling la mú jáde fún un, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Kabinett, láti àfonífojì odò Mosel ní Jámánì. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ràn wáìnì dídùn, ó sì kọ́kọ́ yọ ṣùtì sí i. Ó jẹ adìẹ, ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó wá na ife sí mi: "Àbúrò mi, tún bu díẹ̀ sí i." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ ò fẹ́?" Kò dá mi lóhùn. Ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ ló pẹ̀rọ̀ sí ata náà, kíkan rẹ̀ kò sì jẹ́ kí adùn náà sú èèyàn. Ọtí inú rẹ̀ kò ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí ṣe pàtàkì, torí ọtí a máa mú kí ata túbọ̀ jó ẹnu. Mo fi Rioja tó ní ìdá 14 dán an wò pẹ̀lú adìẹ kan náà, omi bọ́ lójú mi.

Ẹran àgùntàn tí a sun nínú ààrò ló kẹ́yìn, ibẹ̀ ni Rioja náà sì ti yà mí lẹ́nu. Reserva ni, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 3 ó kéré tán, ọdún 1 nínú àgbá igi oak, kí wọ́n tó tà á. Àjàrà Tempranillo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo gé ẹran, mo jẹ ẹ́, mo mu wáìnì lé e: gbígbẹ yẹn ti lọ! Ohun tó kù ni èso pupa tó pọ́n dáadáa, fàníílà, àti òórùn awọ díẹ̀díẹ̀. Tannin, èròjà kan tó ń wá láti ara èèpo àti kóró àjàrà, ló ń lẹ̀ mọ́ itọ́ ẹnu wa tí ẹnu fi ń gbẹ. Bí ẹran ọlọ́ràá bá wà níbẹ̀, òun ni yóò lẹ̀ mọ́.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní atẹ́gùn ló tún un ṣe, pé ó ti ju wákàtí kan lọ tí a ti ṣí ìgò náà. Mo mu omi, mo jẹ búrẹ́dì lásán, mo sinmi díẹ̀, mo tún tọ́ wáìnì náà wò láìfi ẹran kún un. Ó ti rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbẹ mí lẹ́nu. Mo padà sídìí ẹran, ó tún dùn.

Riesling ló kọ́kọ́ tán, òun náà ni n ó sì kọ́kọ́ tún rà. Chablis náà dára, ẹja sì ni n ó máa fi mu ún. Ní ti Rioja, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ṣì kù. Mo ti dé e, mo gbé e sínú fíríìjì, mo sì ti ní kí ìyàwó mi fi ẹran pamọ́ dè mí.