Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra ṣánẹ́ẹ̀lì sìtéńlẹ́ẹ̀sì ní Iléṣà: 304 ara sítíkà kọ́ ni 304 inú irin

Ẹ̀yin wẹ́dà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyá onígàrí, àti ẹ̀yin tó ń ṣe ẹsẹ̀ táǹkì omi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí kí ẹ tó sanwó fún ṣánẹ́ẹ̀lì kankan, irin gbọọrọ tí wọ́n tẹ bíi lẹ́tà U yẹn. Ọkùnrin kan ń gbé e káàkiri ìlú nínú bọ́ọ̀sì, ó ń pè é ní 304, irú sìtéńlẹ́ẹ̀sì tí kì í tètè dípẹtà, kì í sì í ṣe 304. Èmi rà á. Mo fi ṣiṣẹ́ oníṣẹ́. Ojú sì tì mí lọ́dọ̀ ẹni tí mo ń pè ní màmá.

Màmá yìí ń ṣe gàrí lójú ọ̀nà Òṣogbo. Ó gbé iṣẹ́ férémù jákì fún mi, èyí tí wọ́n ń gbé àpò ẹ̀gẹ́ sí kí wọ́n tó fún un. Ẹni tó bá ti ṣe gàrí rí mọ̀ pé omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ kì í ṣe omi lásán. Tó bá fi máa lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò, ó ti kan gan-an, ó sì ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Irin dúdú kì í pẹ́ níbẹ̀, ìpẹtà rẹ̀ á sì máa kán sínú oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí màmá fi ní sìtéńlẹ́ẹ̀sì lòun fẹ́, tó kó owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lé mi lọ́wọ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni oníbọ́ọ̀sì dé. Ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dán gbinrin, mítà 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, sítíkà aláwọ̀ búlúù wà lára gbogbo wọn, 304 gàdàgbà. Owó rẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí iye tí wọ́n ń pè é l'Ékòó. Mo béèrè ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ tó yọ́ irin náà, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òòfà kì í sáàbà fa 304, mo bá mú òòfà jáde, mo fi kan irin náà, kò fà á. Ọkàn mi balẹ̀, mo sanwó.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí màmá fi pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, wá wo irin tí o ní kò ní dípẹtà." Nígbà tí mo débẹ̀, abẹ́ ibi tí omi ti ń kán ti ní àmì pupa kéékèèké, bí ìgbà tí wọ́n wọ́n ata gígún sí i. Mo fi èékánná ha ọ̀kan. Pupa náà kúrò, àmọ́ ihò tó dà bí ojú abẹ́rẹ́ ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Ẹ̀bi ara mi ni mo kọ́kọ́ rò. Díìsì tí a fi gé irin dúdú, tí a bá tún fi gé sìtéńlẹ́ẹ̀sì, eruku irin dúdú á lẹ̀ mọ́ ọn, eruku yẹn á sì dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí a bá jó o gbóná jù, kábọ́ọ̀nù inú irin á di kírómíọ̀mù, èròjà tí kì í jẹ́ kó dípẹtà, mú lẹ́bàá ojú ibi tí a jó, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ègé kan ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù, a ò jó o, a ò sì fi díìsì kan ojú rẹ̀. Mo bu omi ẹ̀gẹ́ sínú abọ́, mo rì í sínú rẹ̀ pẹ̀lú ègé 304 tó dá mi lójú, èyí tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ àtijọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, tiwa ti ní ojú abẹ́rẹ́ lára. Èkejì ń wò mí bó ṣe wà.

Mo mú ègé náà lọ sí Ifẹ̀, sọ́dọ̀ ẹnì kan tí mo mọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó bá mi gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ XRF, èyí tó ń fi ìtànṣán ka ohun tó wà nínú irin. Ẹ wo ohun tó jáde nínú ọgọ́rùn-ún: kírómíọ̀mù 14.1, níkẹ́ẹ̀lì 1.2, máńgánísì 9.6, bàbà díẹ̀, irin ló kún ìyókù.

Ẹ fi wé 304 tòótọ́. Kírómíọ̀mù rẹ̀ máa ń wà láàárín nǹkan bí 18 sí 20, níkẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ dín sí 8, máńgánísì kò gbọdọ̀ ju 2 lọ, kábọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ ju 0.08 lọ. Tó bá jẹ́ 304L, èyí tó dára jù fún àwa tó ń jó o, kábọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ ju 0.03. Irin tí mo rà kò tó 201, irú tó rẹlẹ̀ sí 304, pàápàá, nítorí 201 ní kírómíọ̀mù 16 sí 18 àti níkẹ́ẹ̀lì 3.5 ó kéré tán.

Ibi tí òòfà ti tàn mí jẹ nìyí, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ dáadáa. Kírómíọ̀mù ló ń bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ tí awọ tín-ín-rín kan fi ń bo irin náà. Ojú kò lè rí awọ yìí, tí wọ́n bá sì ha á, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Níkẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti dúró níwájú ohun tó kan, òun náà ló sì ń mú kí òòfà má fà á. Níkẹ́ẹ̀lì wọ́n gan-an. Máńgánísì kò wọ́n, òun náà sì lè mú kí òòfà má fà á, àmọ́ kò lè gbèjà irin lọ́wọ́ omi ẹ̀gẹ́ bíi níkẹ́ẹ̀lì. Torí kí òòfà tí a fi ń dán irin wò má baà fà á ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

Nígbà tí mo pe oníbọ́ọ̀sì, ohun tó sọ ló bí mi nínú jù. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe sìtéńlẹ́ẹ̀sì ni?" Òótọ́ sì ni. Irin tí kírómíọ̀mù rẹ̀ bá ti tó 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, sìtéńlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Mo wo rìsíìtì mi: "ṣánẹ́ẹ̀lì sìtéńlẹ́ẹ̀sì" nìkan ló kọ síbẹ̀, kò sí 304. Mo tún ṣí fọ́tò ìwé tó fi ránṣẹ́, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Páìpù ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ṣánẹ́ẹ̀lì! Nọ́ńbà ìyọ́rin tó wà nínú rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ ń fún ìkòkò irin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yọ́, kò sí lára irin kankan tí mo rà. Ká ní mo ti ka ìwé yẹn lọ́jọ́ náà ni!

Nítorí náà, ẹ má fi òòfà nìkan ra ọjà. Ẹ wá omi tí wọ́n fi ń dán 304 wò, èyí tó máa ń wà pẹ̀lú bátìrì kékeré. Ẹ fi fáìlì ha ojú irin náà mọ́, ẹ kán omi náà sí i, kí ẹ sì fi bátìrì kàn án bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Tí máńgánísì bá pọ̀ níbẹ̀, ó máa pọ́n. Ẹ ṣe é ní ojú ibi mẹ́ta lára irin tí ẹ fúnra yín yàn, kì í ṣe ègé tí òǹtajà mú jáde lápò. Ẹ má sì ju òòfà nù o. Irú sìtéńlẹ́ẹ̀sì mìíràn tí wọ́n ń pè ní 430, tí kò ní níkẹ́ẹ̀lì, lè yege níwájú omi yẹn, òòfà ló máa mú un. Àmọ́ tí òòfà bá kàn fà díẹ̀ níbi kọ́nà tí wọ́n ti tẹ irin náà, ẹ má tíì pe òǹtajà lólè, nítorí 304 tòótọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ ní tútù. Omi yìí kò lè sọ iye kábọ́ọ̀nù fún yín, XRF gan-an kò lè kà á. Ìwé ilé iṣẹ́ ló ń sọ ọ́, kí nọ́ńbà inú ìwé sì bá ti ara irin mu. Kí "304" sì wà lórí rìsíìtì, kí òǹtajà bu ọwọ́ lù ú. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà lẹ́yìn yín, ẹ sì lè fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, àmọ́ rìsíìtì bíi tèmi kò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Owó ara mi ni mo fi ń tún férémù màmá ṣe báyìí. Ní ti oníbọ́ọ̀sì, ọmọ Òṣómàáló ni mí, màá lóṣòó tì í títí màá fi gbowó mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ọmọṣẹ́ mi rí bọ́ọ̀sì náà nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà. Ṣánẹ́ẹ̀lì mítà 6 náà ló ṣì ń tà. Sítíkà rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, 316, irú tó tún ga ju 304 lọ, ló sì wà lára rẹ̀ báyìí.