Ìsinmi Tọkọtaya ní Asheville Lásìkò Ìwọ́wé: Ẹ Wo Gíga Òkè Kí Ẹ Tó Wo Kàlẹ́ńdà

Ìbéèrè táwọn èèyàn sábà máa ń béèrè nípa Asheville, ìlú orí òkè tó wà ní North Carolina, ni pé ọjọ́ wo gan-an ni ewé máa ń pọ́n jù. Kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ga ní nǹkan bí 2,134 ẹsẹ̀ bàtà, àmọ́ Mount Mitchell tó wà nítòsí ga ní 6,684, kò sì sí òkè tó ga tó o ní ìlà-oòrùn odò Mississippi. Bí ẹ bá ṣe ń gun òkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, ewé tòkè sì ló kọ́kọ́ ń yí àwọ̀. Lókè 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ló ń dára jù. Láàárín 3,000 sí 5,000, ó máa ń bọ́ sí àárín oṣù náà. Àárín ìlú ní tirẹ̀ máa ń dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Nítorí náà, bí ẹ bá dé lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, ẹ gùn sókè. Bí ẹ bá dé lọ́gbọ̀njọ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Òtútù àti ọ̀sán tó ń kúrú ló ń mú kí igi jáwọ́ nínú ṣíṣe àwọ̀ ewéko, kí àwọ̀ rúsúrúsú tó ti fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀ wá yọjú. Àwọ̀ pupa bí osùn yàtọ̀: ṣúgà tó há sínú ewé ló ń mú un wá. Ìdí nìyẹn tí ọdún tí ọ̀sán rẹ̀ bá mọ́lẹ̀, tí òru rẹ̀ tutù láì di yìnyín, fi máa ń pupa ju ọdún olójò lọ. Ìjì kan ṣoṣo sì lè gbọn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

Àṣìṣe tó ń ba ọ̀pọ̀ ìrìn àjò jẹ́ ni kí èèyàn sáré lọ sórí Mount Mitchell láti lọ wo pupa. Igi fir àti spruce ló kún ibẹ̀, àwọn yìí kì í wọ́wé, àwọ̀ ewé tútù ni wọ́n máa ń ní. Àwọ̀ tí ẹ ń wá wà nísàlẹ̀ yín níbẹ̀.

Ọ̀nà Blue Ridge Parkway ni ọkàn ìsinmi yìí. Ó gùn ní máìlì 469 láti Virginia títí dé ẹ̀bá ìlú Cherokee, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ láti gbà á, òkúta kéékèèké tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ló ń sọ máìlì tí ẹ wà. Ìrìn ọjọ́ kan tí a gbà yín níyànjú jù lọ ni ti gúúsù, torí pé ó gba oríṣiríṣi gíga kọjá. Ẹ gba Parkway láti Asheville, ẹ kọjá Mount Pisgah ní máìlì 408 àti ìyànà US 276 ní bíi máìlì 412, ẹ lọ títí dé Graveyard Fields tó wà ní bíi 419. Ibẹ̀ ga ju 5,000 lọ, ewé ibẹ̀ sì máa ń tètè pọ́n. Ẹ yí padà sí ìyànà náà, kí ẹ wá gba US 276 sọ̀kalẹ̀ sí Looking Glass Falls, omi tó ń já láti nǹkan bí 60 ẹsẹ̀ bàtà, tí ẹ lè wò láti ẹ̀bá títì. Brevard ló kàn, lẹ́yìn náà ẹ padà sí Asheville. Ẹ fi odidi ọjọ́ kan sí i. Bó bá jẹ́ àríwá lẹ fẹ́, Craggy Gardens wà ní máìlì 364, ìyànà Mount Mitchell sì wà ní 355. Ibi ìgbọ́kọ̀sí Craggy kéré gan-an; tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, ẹ débẹ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Kò sí ilé epo kankan lórí Parkway, nítorí náà ẹ kún táńkì láti ìlú. Eré tó pọ̀ jù ni máìlì 45 láàárín wákàtí kan, ọ̀pọ̀ kọ́nà sì ń fẹ́ kó dín síyẹn. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi jíà kékeré dín eré ọkọ̀ kù, ẹ má kàn tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ lọ títí: bí ẹ bá ti ń gbọ́ òórùn jíjóná, ó ti gbóná jù nìyẹn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tutù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ pátápátá láwọn ibì kan, ẹ ti gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó gbéra. Bí kùrukùru bá bo òkè, ẹ má jókòó dè é, ẹ sọ̀kalẹ̀ 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó ṣeé ṣe kí ojú ọjọ́ mọ́ níbẹ̀. Aṣọ ọyẹ́ nílé kò tó fún òkè; ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn kì í wọ̀.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Ìjì Helene jà níbẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2024. Odò French Broad bo River Arts District, níbi táwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ sì ya lulẹ̀ káàkiri Parkway. Àtúnṣe ń lọ ní ipele-ipele, nítorí náà àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jáde ni kí ẹ wo ìkànnì National Park Service, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà náà, kí ẹ mọ apá tó ṣí. Google nìkan kò tó. Ẹ sì náwó sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyẹn. Ohun tí wọ́n pàdánù pọ̀.

Biltmore, ilé oníyàrá 250 tí George Vanderbilt parí lọ́dún 1895, wọ́n gan-an: tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan máa ń kọjá 100 dọ́là lásìkò yìí, ẹ sì gbọ́dọ̀ yan wákàtí tí ẹ máa wọlé ṣáájú. Ó tó owó rẹ̀ tí ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, tí ẹ lo gbogbo ọjọ́ pẹ̀lú ọgbà rẹ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí méjì lẹ ní, ẹ fi sílẹ̀. Ilẹ̀ tí ìyàwó Vanderbilt tà fún ìjọba lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló di ìpìlẹ̀ igbó Pisgah tí ẹ ń wò lófẹ̀ẹ́. Kí ẹ sì yà sí YMI (Young Men’s Institute) lórí Eagle Street, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1893 fún àwọn èèyàn dúdú tó ṣiṣẹ́ níbi ìkọ́lé Biltmore. Ìtàn wọn kì í ṣe èyí tó yẹ kí a gbójú fò.

Ní ti ilé ìtura, ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀ ló dínwó. Lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi kì í gba ẹni tó fẹ́ sun òru kan ṣoṣo, owó orí yóò sì fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí ẹ rí. Bí owó Grove Park Inn, òtẹ́ẹ̀lì olókùúta ọdún 1913, bá ju agbára yín lọ, ẹ lọ mu nǹkan níbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Ẹ wá èso ápù rà ní Hendersonville. Bí wọ́n bá ní “cider” níbẹ̀, omi ápù lásán ni. “Hard cider” ló ní ọtí nínú. Ẹ má sì fi ápù náà sílẹ̀ sínú ọkọ̀ lóru: béárì dúdú ń rìn káàkiri àdúgbò lásìkò yìí tó ń jẹun de òtútù, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí a kò tì.