Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti bá mi tún gíláàsì ọkọ̀ ṣe ní Chicago

Òkúta wẹ́wẹ́ tó ta láti abẹ́ táyà ọkọ̀ àjàgbé ló dá ojú kékeré kan sí gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi, mo sì fojú kéré rẹ̀, àfi ìgbà tí òtútù dé, tí mo tan híítà sí gíláàsì tó ti dì gbagidi, ni mo rí i tí ojú náà ń sán lọ tín-ín-rín bí irun. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo gbé e lọ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ihò náà jáde, ó fún rẹ́sìnì, ìyẹn oje kan tó dà bí gọ́ọ̀mù, sí i, ó sì tan iná ultraviolet, ìyẹn irú ìtànṣán tí ojú kò lè rí, sí i títí ó fi le koko. Àpá rẹ̀ ṣì máa ń hàn bí oòrùn bá tàn sí i, ṣùgbọ́n kò sún síwájú mọ́. Wákàtí méjì tí wọ́n fi mú mi dúró, bẹ́ẹ̀ mo ti gba àkókò sílẹ̀, ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀gá náà kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe da omi gbígbóná sí yìnyín orí gíláàsì mọ́ (mo ti ń ṣe é láràárọ̀!), nítorí ooru òjijì lè là á, omi ìfọgíláàsì tí kì í tètè dì ni mo rà níbẹ̀.