Sípíkà márùn-ún nínú pálọ̀ tàbí soundbar kan ṣoṣo: èwo ló tó owó yín?

Àbúrò ìyàwó mi kó lọ sí ilé tuntun ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, ó sì ra home theatre oní-sípíkà márùn-ún pẹ̀lú wúfà. Ó ní kí n wá bá òun gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, orí tábìlì tẹlifíṣọ̀n ni mo ti bá márààrún, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Méjì tó yẹ kó wà lẹ́yìn àga náà wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé òdòdó oníke lé ọ̀kan lórí. Wọ́n ní wáyà rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún?" Mo gbọ́. Ó ń dún gan-an, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń dún.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò iná ní ojú títì, a ra wáyà, a gbé méjèèjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ àga, a wá fi fíìmù kan sí i tí òjò ti ń rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, yíjú wo fèrèsé. Ó ní, "Mọ́mì, aṣọ wà níta o!"

Ìyẹn gan-an ni èèyàn ń rà nígbà tó bá ń sanwó sípíkà ẹ̀yìn. Bí kò bá lè ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ tiyín, mo bẹ̀ yín, ẹ má ra márùn-ún.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín: soundbar, ìyẹn sípíkà gígùn kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n; home theatre inú páálí, tí gbogbo rẹ̀ wá pọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan; àti receiver, ìyẹn áńpù ńlá tó ní ihò fún sípíkà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú sípíkà tí ẹ fúnra yín yàn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní kọ iye owó, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́la. Soundbar kékeré ni owó rẹ̀ máa ń kéré jù, receiver àti sípíkà gidi ló máa ń wọ́n jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ń wò

Nínú 5.1 tí wọ́n ń kọ sára páálí, sípíkà ni márùn-ún yẹn: mẹ́ta níwájú, ìyẹn òsì, àárín àti ọ̀tún, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn. Ọ̀kan tó tẹ̀lé àmì ni ti ìró ìsàlẹ̀, iṣẹ́ wúfà nìyẹn. Bí ẹ bá rí 5.1.2, méjì ìkẹyìn ni ti òkè, fún Dolby Atmos, ìyẹn ètò tó ń mú kí ohùn máa ti òkè wá pẹ̀lú, tó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé sinimá ní 2012, tó sì wọ inú ilé ní 2014.

Ṣùgbọ́n sípíkà márùn-ún kò lè mú ohun tí kò sí nínú fíìmù jáde. Àwọn fíìmù Yorùbá tí a ń rà lórí VCD nígbà kan, òsì àti ọ̀tún péré ni VCD lè gbé. Ọ̀pọ̀ ilé tó ra home theatre nígbà náà, ohùn méjì ni wọ́n ń bù fún sípíkà márùn-ún. Àwo fújì àti jùjú tó wà nílé yín, ohùn méjì ni. Bí ẹ bá fi Bluetooth gbé orin láti orí fóònù sínú ẹ̀rọ, méjì náà ló ń gba ibẹ̀ kọjá, bó ti wù kí sípíkà pọ̀ tó. Ti YouTube náà, ohùn méjì ni ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀. Netflix ní 5.1 lórí ọ̀pọ̀ fíìmù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ètò Premium wọn nìkan ló máa ń rí Atmos.

Torí náà, ẹ rántí ohun tí ẹ wò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bó bá jẹ́ ìròyìn, ìwàásù, YouTube àti orin ló kó èyí tó pọ̀ jù, sípíkà méjì tó dára á ṣe yín lóore ju márùn-ún kéékèèké lọ. Àwọn tó ń tajà kì í sọ èyí fún oníbàárà, ó sì ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn jù ni pé wọn kì í gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Tẹlifíṣọ̀n ti di pẹlẹbẹ; sípíkà inú rẹ̀ kéré, ilẹ̀ tàbí ògiri ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń kọjú sí. Soundbar kékeré pàápàá á yanjú èyí. Mo ra ọ̀kan fún ìyá mi. Láti ìgbà náà ni màmá kò ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ mọ́ pé, "Kí ló wí?"

Nínú fíìmù 5.1, sípíkà àárín ni wọ́n ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu sí. Bó bá jẹ́ sípíkà méjì péré lẹ ní, ẹni tó jókòó sáàárín á gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ á máa gbọ́ ọ láti ara sípíkà tó sún mọ́ ọn. Nínú ọ̀pọ̀ home theatre inú páálí, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni sípíkà àárín, ohùn ọkùnrin á sì máa dún bí ẹni pé inú agolo ló wà. Receiver ló borí níhìn-ín bí ẹ bá ra sípíkà àárín tó ní láárí, torí ẹ lè fi rìmóòtù gbé òun nìkan sókè, kí ọ̀rọ̀ yé yín láìjẹ́ pé ìbọn àti bọ́ǹbù ń jí ọmọ.

Ohùn tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀

Bí wọ́n bá ń lu bàtá bọ̀ lẹ́yìn ilé, a ti máa ń mọ ìhà tó ti ń bọ̀ kí eégún tó yọ lójú fèrèsé. Ohùn tó bá ti ọ̀tún wá á kọ́kọ́ dé etí ọ̀tún kó tó dé ti òsì. Àlàfo yẹn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ ń kà á. Bí etí ṣe rí ní lílọ́ àti kíká tún ń yí ohùn tó bá ti ẹ̀yìn wá padà díẹ̀, ọpọlọ sì mọ ìyàtọ̀ yẹn pẹ̀lú.

Soundbar tó bá ní òun náà ń ṣe ohùn ẹ̀yìn, ọgbọ́n yìí ló ń ta. Á ju ohùn lu ògiri ẹ̀gbẹ́ kó lè ta padà sí yín, tàbí kó yí ohùn padà kí ọpọlọ lè rò pé ẹ̀yìn ló ti wá. Nínú yàrá kékeré tó ní ògiri lótùn-ún lósì, ó máa ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo pálọ̀ wa: ìhà kan ṣí sí ibi tábìlì oúnjẹ, ìhà kejì jẹ́ fèrèsé ńlá pẹ̀lú kọ́tìnnì tó nípọn. Ohùn tó lọ síbi tábìlì oúnjẹ kò ní padà. Kọ́tìnnì á gbé èyí tó kù mì. Ti òkè náà nìyẹn: sípíkà Atmos tó kọjú sókè nílò àjà tó tẹ́jú tó sì le. POP alákàbà tó ní kòtò iná láàárín á fọ́n ohùn náà káàkiri.

Soundbar kan wà tó ń bá sípíkà ẹ̀yìn gidi méjì wá. Ìyẹn sàn púpọ̀. Wọ́n á kọ "wireless" sí i lára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní wáyà iná tirẹ̀, ẹ sì nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lẹ́yìn àga. Ẹ wo ògiri yín kí ẹ tó sanwó.

Ibi tí àga wà ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ lọ. Àwọn sípíkà ẹ̀yìn yẹ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, kí wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n sì ga ju etí lọ díẹ̀. Bí àga yín bá fara ti ògiri, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé, ẹ kàn wọ́n mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́. Ẹ má gbé wọn há igun àjà bíi kámẹ́rà báńkì. Wúfà kò le tó bẹ́ẹ̀, torí etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ìró tó jinlẹ̀, èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz, ti ń wá. Ibi tó bá rọrùn níwájú náà tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sí igun, á pariwo jù. Bí ẹ bá sì ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ro ti àwọn ará ìsàlẹ̀. Ìró wúfà ń la ògiri kọjá, ọ̀pọ̀ ìjà ayálégbé ni mo ti rí tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Iná

Soundbar ló ń jẹ iná tó kéré jù, inverter kékeré sì lè gbé e. Receiver ń jẹ iná ju ìyẹn lọ, kódà nígbà tí ohùn rẹ̀ kò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí "10,000W PMPO", iye agbára ìpolówó lásán tí wọ́n kọ gàdàgbà sára home theatre, bà yín lẹ́rù tàbí kó tàn yín jẹ. Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 100W ló ń gbà lára ògiri, níbo ló ti fẹ́ rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá? RMS, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdáwọ́dúró, ni kí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ sípíkà ilé, bí ẹ bá fún un ní wáàtì 1 péré, á ti dún tó bíi 85 sí 90 dB (òṣùwọ̀n ariwo) ní ìwọ̀n mítà kan, ìyẹn sì ti pariwo. Wáàtì díẹ̀ ni pálọ̀ nílò.

Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń wo fíìmù, tó sì wà nítòsí fèrèsé, ariwo rẹ̀ á bo gbogbo ìró kéékèèké tí sípíkà ẹ̀yìn wà fún. Ẹ fi owó náà tún ètò iná ṣe ná.

Nígbà tó bá bàjẹ́

Èmi náà ra home theatre inú páálí nígbà kan. Ní ọdún kẹta, ẹnu tó ń gba díìsìkì kò ṣí mọ́. Kò pẹ́, iná pọ̀ jù lálẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe tú u, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní pátákó inú rẹ̀ kò sí lọ́jà. Sípíkà márààrún ṣì dára. Mo rò pé máa fi wọ́n sára áńpù mìíràn, àṣé 3 ohms (òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń tako iná) ni wọ́n, ọ̀pọ̀ receiver sì ń fẹ́ 6 tàbí 8; bí mo bá fi tipátipá so ó, áńpù á gbóná, ó sì lè jó. Ẹnu wáyà wọn pàápàá kò bá ti ẹlòmíràn mu. Ẹ̀rọ kan kú, ó kó sípíkà márùn-ún lọ sọ́run. Ó dùn mí fún ìgbà pípẹ́.

Ìdí nìyí tí n kì í fi í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ra irú rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fún èèyàn ní sípíkà márùn-ún ní owó pọ́ọ́kú. Soundbar náà ní àléébù yìí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ohun kan ló bàjẹ́. Ti receiver yàtọ̀: bí áńpù bá kú, sípíkà yín wà, sípíkà tó dára lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra Tókunbọ̀

Ní Alaba, ẹ lè rí receiver àti sípíkà àlòkù tó dára ju tuntun inú páálí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 120V. Bí ẹ bá kì í bọ 230V tiwa, á jó lójú ẹsẹ̀, àfi kí ẹ ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì iná kù, tó lágbára sí i. Ẹ sọ èyí fún àwọn ẹbí tó bá fẹ́ kó ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú. Ti ìlú Ọba kò ní ìṣòro yìí.

Ẹ tú aṣọ ojú sípíkà, ẹ fọwọ́ kan fóòmù tó yí i ká. Bó bá ń rún bí àkàrà àná, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́; kò gbọdọ̀ ha. Ẹ ní kí wọ́n so sípíkà mọ́ receiver níṣojú yín, kí ẹ sì lọ sí test tone (ìró ìdánwò) nínú rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó bóyá ARC, èyí tó ń jẹ́ kí ohùn tẹlifíṣọ̀n gba wáyà HDMI padà wá sínú receiver, wà lára HDMI rẹ̀. Bí kò bá sí, wáyà optical, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, ṣì lè gbé Dolby Digital 5.1 láti ara tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn wà tó jẹ́ pé ohùn méjì péré ló ń fi optical ránṣẹ́ nígbà tí àwòrán bá ti ara dekódà wá.

Èyí tí èmi máa rà

Yàrá kan àti pálọ̀, ilé à-ń-yá-gbé, inverter kékeré: soundbar, kí ẹ má sì sanwó kún un nítorí ohùn ẹ̀yìn tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn orin: receiver àti sípíkà méjì tó dára, ó parí.

Ẹni tó ní pálọ̀ tirẹ̀, tó ń wo fíìmù nígbà gbogbo, tí iná rẹ̀ sì dúró: bẹ́ẹ̀ ni, sípíkà tó yíni ká ṣì tó owó rẹ̀, soundbar kankan kò sì tíì rọ́pò rẹ̀ létí mi. Ẹ ra receiver pẹ̀lú méjì iwájú lónìí. Bí owó bá tún dé, ẹ ra ti àárín, lẹ́yìn náà wúfà, kí ti ẹ̀yìn wá ṣe ìkẹyìn. Wáyà iná onírọ́bà lásán, tí inú rẹ̀ jẹ́ bàbà gidi, tó o, 1.5 mm ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ pálọ̀.

Kí ẹ tó lọ rà á, ẹ mú téèpù, ẹ wọn láti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n gba ìdí ògiri lọ títí dé ẹ̀gbẹ́ àga, kí ẹ sì fi mítà méjì lé e. Ti Akóbọ̀ gba mítà mọ́kànlá ní òsì, mẹ́rìnlá ní ọ̀tún, torí ilẹ̀kùn.