Fíítà ọ́ìlì alágolo àti oníwèé: èwo ni mọ́tò yín ń lò, kí ló sì dé tó ń jò?

Láàárín Òbáńtókò sí Òṣíẹ̀lẹ̀ ni iná pupa tó rí bí agolo ọ́ìlì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mi. Àná rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ẹ́ńjìnì, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò: ọ́ìlì tuntun, tó ṣì ń dán bí oyin, ti tò tẹ̀lé mi lórí ọ̀dà títì títí ibi tí ojú mi lè rí i dé.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bínú sí ni ìyá tó ta fíítà fún mi ní Láfẹ́ńwá. Mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Ìyá náà ò tilẹ̀ bá mi jà. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jókòó ná, ẹ mu omi. Ẹ lọ tú fíítà yẹn wálẹ̀, kí ẹ ka rọ́bà tó wà níbẹ̀ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ gbé e padà wá, màá dá owó yín padà.”

A tú u. Méjì la bá. Rọ́bà fíítà àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì, ó dúdú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ara irin ni. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ò rí i, ó wé fíítà tuntun lé e lórí. Rọ́bà lórí rọ́bà kì í dúró. Ó mú u fún ọjọ́ kan, nígbà tí mo wá tẹ iná mọ́ ọn, ó yọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó béèrè iye tí wọ́n ń ta fíítà, ibi tó máa jókòó sí ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ohun tí mo ń bá ẹ̀yin tó fẹ́ rà sọ nìyẹn: jíjò kò sábà wá láti inú fíítà, ibi tí fíítà ti pàdé ẹ́ńjìnì ló ti ń wá.

Irú méjì ló wà lójà

Fíítà alágolo ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀: agolo irin kan, ìwé àti fáàfù wà nínú rẹ̀, a wé e mọ́ ọ̀pá tó yọ lára ẹ́ńjìnì. Tó bá ti lò tán, a ju gbogbo rẹ̀ nù. Fíítà oníwèé yàtọ̀. Ìwé tí wọ́n ká jọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ léte-léte nìkan lẹ ń rà, pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Ilé rẹ̀ àti ìdérí kò kúrò lára ẹ́ńjìnì.

Ẹ ò lè yan èyí tó wù yín. Ẹ́ńjìnì ló ń yàn. Toyota Corolla 1.8 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2003 sí 2008, tó pọ̀ lójú títì Abẹ́òkúta bí iyanrìn, alágolo ló ń lò. Corolla 1.8 láti 2009 síwájú, oníwèé ni. Torí náà ẹni tó ṣì ń wá mọ́tò tòkunbọ̀ rà lè ro èyí mọ́ ìnáwó rẹ̀.

| | Alágolo | Oníwèé |
|---|---|---|
| Ohun tí ẹ ń rà | Agolo, ìwé, fáàfù àti rọ́bà lápapọ̀ | Ìwé àti rọ́bà nìkan |
| Ohun tí wọ́n fi ń tú u | Ọwọ́, tàbí sùpáná oníbẹ́líìtì | Sùpáná tó rí bí ife, tó bá ìdérí mu gẹ́lẹ́ |
| Ibi tó ti sábà ń jò | Rọ́bà àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Tíréèdì (ìlà tó yí ọ̀pá ká, tí fíítà ń wé mọ́) tí kò bára mu | Rọ́bà tí wọn ò pààrọ̀. Ìdérí tó ti sán |
| Ẹ lè wo ìdọ̀tí tó mú? | Àfi tí ẹ bá fi ayùn gé e | Ẹ tú u, ẹ wò ó |

Alágolo: ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè

Nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má wo àwòrán ara páálí. Ẹ yọ fíítà jáde, kí ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ máa rí àwọn ihò kékeré tó yí ká, ihò ńlá kan á sì wà láàárín. Ihò kékeré ni ọ́ìlì ń gbà wọlé, á gba inú ìwé kọjá, á sì gba ihò àárín padà sínú ẹ́ńjìnì.

Ẹ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, kí ẹ fi ti inú ọ̀kan nínú àwọn ihò kékeré yẹn pẹ̀lẹ́. Ẹ máa kan nǹkan rírọ̀ kan. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀ tí ẹ bá pa mọ́tò mọ́jú nìyẹn. Tí kò bá ṣiṣẹ́, fíítà á gbẹ lóru. Láàárọ̀, ẹ máa gbọ́ kí ẹ́ńjìnì ṣe “kàkàkà” fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ọ́ìlì tó gòkè. Àwọn kan fi rọ́bà dúdú lásán ṣe é, ìyẹn máa ń le tí ooru bá ti pọ̀ lára rẹ̀. Àwọn mìíràn fi sìlíkóònù ṣe é, ó sábà máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gan. Tí fíítà mọ́tò yín bá dùbúlẹ̀ tàbí tó bá dorí kodò, ẹ fi owó kún un kí ẹ ra ti sìlíkóònù. Tí ẹnu rẹ̀ bá kọjú sókè, ìyàtọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, ẹ fi owó yẹn ra ọ́ìlì gidi.

Fáàfù kejì kò hàn síta. Òun ló ń ṣí tí ìwé bá ti dí, tàbí tí ọ́ìlì bá ki jù, kí ọ́ìlì lè kọjá láìgba inú ìwé. Ẹ́ńjìnì tó ń mu ọ́ìlì ìdọ̀tí sàn ju ẹ́ńjìnì tí kò rí ọ́ìlì mu rárá. Èyí ló mú kí ẹni tó fi fíítà kan ṣe sáfíìsì mẹ́ta máa rò pé kò sí wàhálà. Mọ́tò ń lọ lóòótọ́, àmọ́ ọ́ìlì ò gba inú ìwé fíítà mọ́.

Wàyí o, tíréèdì. Níbí ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ n rọra ṣàlàyé. Lára Corolla 2005, ọ̀pá tí fíítà ń wé mọ́ fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì, èyí tó jẹ́ mìlímítà 19.05, tíréèdì 16 ló sì wà nínú ínǹṣì kan. Ti Honda Civic jẹ́ mìlímítà 20, àlàfo láti tíréèdì kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 1.5. Ẹ wò ó, ìyàtọ̀ náà ò tó mìlímítà kan! Ẹ gbé fíítà Honda lé ọ̀pá Toyota, á wọlé, á yí, tí rọ́bà bá sì kan ẹ́ńjìnì, á dà bíi pé ó ti mú. Orí tíréèdì nìkan ló rọra di ara wọn mú. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, agbára tó ń ti ọ́ìlì sábà máa ń ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà yín lọ. Ìyẹn ló ń já irú fíítà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Corolla yẹn kì í sì í gbà ju lítà 3.7 lọ, kò ní pẹ́ tó fi máa dà tán.

Nítorí náà, tí ẹni tó ń tajà bá ní “ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ó máa wọ̀ ọ́,” ẹ sọ fún un pé kì í ṣe wíwọ̀ lẹ ń bá kiri. Ẹ mú fíítà àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ẹ fi ìdí méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ wò bóyá rọ́bà wọn tóbi bákan náà, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tó wà lára agolo, kì í ṣe ti ara páálí nìkan. Páálí kò nira láti pààrọ̀.

Oníwèé: rọ́bà ni gbogbo ọ̀rọ̀

Nọ́ńbà fíítà Toyota fún Corolla 1.8 ti 2009 síwájú tí mo sọ yẹn ni 04152-YZZA6. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi YZZA1 dípò rẹ̀ torí pé orúkọ wọ́n jọra. Ẹ́ńjìnì tó tóbi jù ú lọ, bíi ti Camry V6 3.5, ló ni ìyẹn.

Rọ́bà méjì ló yẹ kí ẹ bá nínú páálí, ńlá àti kékeré. Ti ńlá ń yí ìdérí ká. Ti kékeré wà fún nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ ìdérí, èyí tí wọ́n ń tú láti kọ́kọ́ da ọ́ìlì inú ilé fíítà sílẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ń kánjú máa ń fi rọ́bà àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, á ní ó ṣì dára. Ó lè dára lójú. Ẹ fi sáàárín ìka méjì kí ẹ fún un: èyí tó ti lo ọdún kan nínú ooru ti pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò yípo mọ́. Fíítà olówó pọ́ọ́kú kan tí mo rà rí, rọ́bà kékeré kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ ṣí páálí kí ẹ tó sanwó.

Ìdérí náà tún wà. Lára ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni Toyota ti tẹ 25 N·m sí, ìwọ̀n bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ fún un le. Agbára yẹn kéré, ọwọ́ kan péré ló fẹ́. Ẹni tí kò ní sùpáná oníife, tó ń fi òòlù àti síkúrúdíráfà lu ìdérí kó lè yí, òun ló ń sán an. Bí ẹ bá ra mọ́tò tó ń lo oníwèé, ẹ ra sùpáná yẹn sínú búùtù yín, kódà tó bá jẹ́ mẹkáníìkì ló máa lò ó. Ẹyọ kan á lò yín títí tí ẹ ó fi ta mọ́tò náà.

Páálí mẹ́ta lórí káńtà

Irú mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kó síwájú yín: ti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, ti ilé iṣẹ́ fíítà tí ayé mọ̀ bíi Bosch, Denso tàbí Mann, àti èyí tí ẹnì kankan ò mọ bàbá rẹ̀.

Fún mọ́tò tí ẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní kìlómítà 5,000, méjèèjì àkọ́kọ́ tó, tí wọ́n bá jẹ́ ojúlówó. Àwọn kan máa ní kí ẹ ra èyí tí wọn ò fi ìwé lásán ṣe, tí wọ́n fi òwú gíláàsì ṣe. Ó dáa, ó ń mú ìdọ̀tí tó kéré jù, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ju kìlómítà 5,000 lọ kò tíì lo ìdajì ohun tó rà. Èmi ò rà á.

Ẹ̀kẹta ńkọ́? Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ló burú. Ẹ gbé e sókè kí ẹ mì í. Tí nǹkan bá ń mì nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà ìdí rẹ̀: tó bá le bí àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà, tàbí tó ń jáde kúrò nínú kòtò rẹ̀, òun ló máa jò. Owó fíítà kò sì tó owó gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tó máa dà nù, ká má tíì sọ ti ẹ́ńjìnì tó bá nọ́ọ̀kì.

(Àwọn kan gbà pé erukú ọ̀nà Àlábàtà ni fíítà ọ́ìlì ń mú. Rárá o, fíítà afẹ́fẹ́ ló ń ṣe ìyẹn. Èéfín tó ti di ìdọ̀tí àti irin ẹ́ńjìnì tó jẹ dànù ni ti ọ́ìlì.)

Tó bá ti ń jò

Ẹ má tíì dá fíítà lẹ́bi. Ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀, fíítà sì sábà wà nísàlẹ̀, torí náà gbogbo jíjò òkè ló ń parí sí ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (ìdérí orí ẹ́ńjìnì), ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, ó sì lè jẹ́ nọ́ọ̀tì sọ́ǹpù (abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì) tí wọn ò pààrọ̀ wáṣà rẹ̀. Ẹ nu gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wá ibi tó ga jù lọ tí ọ́ìlì ti yọ. Ibẹ̀ ni orísun.

Tó bá jẹ́ etí fíítà ló ti ń jáde, ẹ má fún un le sí i. Ibi tí gbogbo ènìyàn ń ṣì í nìyẹn. Rọ́bà tó bá ti yọ tàbí tó ti ya, bí ẹ ṣe ń fún un ló ń ya sí i. Ẹ tú u. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi ìka yín rìn yí i ká láti mọ̀ bóyá rọ́bà àtijọ́ wà níbẹ̀. Ojú lè tàn yín, ìka kò ní tàn yín. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ pa rọ́bà náà, ẹ wé e títí tó fi kan ẹ́ńjìnì, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan sí i. Ó tán. Sùpáná wà fún títú, kì í ṣe fún dídè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù sí i. Mo mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ni òògùn gbogbo nǹkan lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì kan. Èyí tó bá já bọ́ sínú lè lọ dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì, iná pupa kan náà á tún tàn, láìsí pé ẹ̀kán ọ́ìlì kan jò sílẹ̀.

Tí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ tẹ́ páálí fíítà tuntun yẹn sábẹ́ mọ́tò mọ́jú, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣáná sí ẹ́ńjìnì, ẹ wo páálí, kí ẹ sì fa gééjì ọ́ìlì yọ. Tí páálí bá gbẹ, tí ọ́ìlì sì wà láàárín àmì méjèèjì, ẹ lè máa lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ yín.