Láti inú Excel sí sọ́fítíwià àbójútó iṣẹ́: Trello, Asana, monday.com, Jira àti Smartsheet lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Àwọn tó ń ta irú sọ́fítíwià yìí máa ń fi bí pátákó iṣẹ́ wọn ṣe rẹwà tó han oníbàárà. Ṣùgbọ́n fáìlì Excel tí ẹ ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ bá wọ̀yá ìjà, èyí tí oníkálukú ti kọ ọjọ́ sí bó ṣe wù ú. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ìfiwéra yìí ka orí ìbéèrè méjì. Kí ni sọ́fítíwià náà ń fi àwọn kọ́lọ́ọ̀mù yín ṣe bí ẹ bá kó wọn wọlé? Kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tún kó fáìlì kan náà wọlé lẹ́ẹ̀kejì? Ìbéèrè kejì yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í sìí béèrè kí wọ́n tó sanwó.

| Sọ́fítíwià | Ohun tó ń gbà | Bí ẹ bá kó o wọlé lẹ́ẹ̀kejì | Ètò ọ̀fẹ́ |
|---|---|---|---|
| Trello | ìlà tí ẹ kọ́pì láti inú ṣíìtì | káàdì á di méjì-méjì | ènìyàn 10 |
| Asana | CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín), Excel | iṣẹ́ á di méjì-méjì | ó wà, àmọ́ kò sí Custom Fields (kọ́lọ́ọ̀mù tí ẹ fúnra yín dá) níbẹ̀ |
| monday.com | Excel, CSV | ẹ lè ní kó fo ìlà náà, tàbí kó kọ tuntun lé ti àtijọ́ | ènìyàn 2 |
| Jira | CSV | ó lè tún ti àtijọ́ ṣe bí Issue key (nọ́ńbà ìdánimọ̀ iṣẹ́) bá wà níbẹ̀ | ènìyàn 10 |
| Smartsheet | Excel, CSV, Google Sheets | ṣíìtì tuntun mìíràn ni yóò ṣí | ìdánwò fún ìgbà díẹ̀ |

Trello ló yá jù lọ. Ẹ kọ́pì kọ́lọ́ọ̀mù tí orúkọ iṣẹ́ wà, ẹ tẹ ibi tí a ti ń fi káàdì tuntun kún, kí ẹ sì péèsì. Yóò bi yín bóyá kí ìlà kọ̀ọ̀kan di káàdì tirẹ̀ tàbí kí gbogbo rẹ̀ wọ inú káàdì kan ṣoṣo. Ogójì iṣẹ́ á ti wọlé kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àmọ́ orúkọ nìkan ló wọlé o: ọjọ́, iye owó àti ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì jókòó sínú Excel. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn yẹn tẹ̀lé e, Power-Up (àfikún fún Trello) láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn lẹ máa fi kún un, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn gba owó tirẹ̀. Fún iṣẹ́ tí kò ju kí a mọ ohun tó kù àti ohun tó ti parí lọ, Trello tó. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Asana máa ń fi kọ́lọ́ọ̀mù yín hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ kó tó gbà wọ́n wọlé, kí ẹ lè sọ èyí tó bá èyí mu. Ìlà kan, iṣẹ́ kan. Bí kọ́lọ́ọ̀mù kan bá ń sọ ìpele tí iṣẹ́ wà, bíi "Ìpìlẹ̀", "Ògiri", "Òrùlé", ẹ so ó mọ́ Section (ìpín iṣẹ́ inú Asana), iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì lọ sábẹ́ ìpele tirẹ̀. Ní ti ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má kọ "Bọ̀dá Káyọ̀dé" síbẹ̀. Ímeèlì tí ẹni náà fi wọ Asana ni kí ẹ kọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà á wọlé láìní ẹni tó máa ṣe é. Bákan náà, bí ṣíìtì yín bá ní kọ́lọ́ọ̀mù bíi "Iye síméńtì" tàbí "Olùpèsè", Custom Fields ni yóò gbà á, ètò olówó ni ìyẹn sì wà.

monday.com ni a fẹ́ràn jù fún ilé iṣẹ́ tí kò tíì lè jáwọ́ nínú Excel pátápátá. Yóò béèrè ìlà tí àkọlé wà, yóò béèrè kọ́lọ́ọ̀mù tó jẹ́ orúkọ iṣẹ́, lẹ́yìn náà yóò méfò irú ohun tí kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹ yẹ ìméfò yẹn wò dáadáa, torí ó lè sọ nọ́ńbà fóònù di nọ́ńbà lásán, òdo iwájú á sì pòórá. Ibi tó ti yọrí jù ni ìgbàwọlé ẹlẹ́ẹ̀kejì: ẹ ó mú kọ́lọ́ọ̀mù kan tí yóò fi dá ìlà àtijọ́ mọ̀. Ẹ má fi orúkọ iṣẹ́ ṣe é, nítorí "Ra síméńtì" lè wà lójú mẹ́rin nínú fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù nọ́ńbà kún Excel, K-001, K-002, ẹ má sì yí i padà mọ́ láéláé. Ní ti owó, iye ènìyàn tó kéré jù tí ètò olówó ń gbà ni 3. Ọ́fíìsì ènìyàn méjì tó bá kúrò lórí ọ̀fẹ́ á san ti ẹni mẹ́ta.

Jira le, ó sì péye. Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià ni wọ́n ṣe é fún, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá ń kó nǹkan wọlé: ẹni tó jẹ́ admin ló lè lo ọ̀nà tó kún rẹ́rẹ́, kò sì sí ìlà tí yóò wọlé láìní Summary (orúkọ iṣẹ́). Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń mú ènìyàn níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ ó sọ fún un bí a ṣe kọ ọjọ́ inú fáìlì, bíi dd/MM/yyyy tàbí yyyy-MM-dd: MM ńlá ni oṣù, mm kékeré sì ni ìṣẹ́jú. Lẹ́tà kan péré ni, àmọ́ gbogbo ọjọ́ inú fáìlì ló lè bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Èkejì ni pé ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń ka àkókò. Wákàtí méjì ni 7200. Bí ẹ bá kọ 2, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni ẹ kọ. Ẹ̀kẹta, bí iṣẹ́ kan bá ní Labels (àmì ìpínsísọ̀rí) mẹ́ta, ẹ ó tún àkọlé kọ́lọ́ọ̀mù yẹn kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀san rẹ̀ ni pé gbogbo ètò tí ẹ ṣe ṣeé fi pamọ́ sínú fáìlì fún ìgbà mìíràn, àti pé ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ sábẹ́ iṣẹ́ pàápàá lè bá a wọlé.

Smartsheet jọ Excel lójú, ìyẹn ló ń tan ènìyàn. Fọ́múlà yín kò ní wọlé. Èsì rẹ̀ ni yóò wọlé, gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà tó ti dì. Ẹ ó tún àwọn fọ́múlà yẹn kọ níbẹ̀. Ṣíìtì kan kò lè ju ìlà 20,000 lọ, àpapọ̀ àpótí (cell) inú rẹ̀ kò sì lè ju 500,000 lọ.

(Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìkọ́lé tí iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ tún wo Microsoft Project, torí ó ń gba kọ́lọ́ọ̀mù Predecessors (iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣáájú) tààrà láti inú Excel. Nọ́ńbà ìlà ló ń lò níbẹ̀: bí ẹ bá pa ìlà kan rẹ́ láàárín, gbogbo ìsopọ̀ ìsàlẹ̀ á ṣí nípò.)

Fáìlì náà fúnra rẹ̀

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ tú àwọn àpótí tí ẹ pa pọ̀ sílẹ̀, kí àkọlé wà lórí ìlà kan ṣoṣo. CSV máa ń mú ṣíìtì tó ṣí lójú nìkan, á sì kó àwọn ìlà tí ẹ fi filter pamọ́ mọ́ ọn. Àwọ̀ kì í wọ CSV: bí pupa bá túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti pẹ́, ẹ kọ "Ó ti pẹ́" sínú kọ́lọ́ọ̀mù kan.

Ẹ kọ ọjọ́ báyìí: 2025-04-03. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní 03/04/2025, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni lójú wa, àmọ́ sọ́fítíwià tí a tò sí ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kò sì ní kígbe. Bí ẹ bá rí 45750 níbi tó yẹ kí ọjọ́ wà, ọjọ́ kan náà nìyẹn, bí Excel ṣe ń kà á nínú ara rẹ̀; ẹ padà lọ tún kọ́lọ́ọ̀mù náà ṣe kí ẹ tó fi í pamọ́ bíi CSV.

Lẹ́tà Yorùbá ńkọ́? Bí ẹ bá fi CSV lásán pamọ́ láti inú Excel lórí Windows, "Ṣọlá" lè di "??lá", ₦250000 á sì di ?250000. Lẹ́tà yẹn ti sọnù nìyẹn, kò sí bí sọ́fítíwià ṣe lè dá a padà. Ẹ lọ ṣí fáìlì Excel (.xlsx) yín, kí ẹ fi í pamọ́ bíi CSV UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá). Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "á»" tàbí "á¹£" lẹ rí, fáìlì yín kò bàjẹ́, ọ̀nà tí a gbà kà á ni kò tọ́, ẹ yan UTF-8 níbi tí ẹ ti ń kó o wọlé. CSV tí ẹ gbà láti inú Google Sheets ti jẹ́ UTF-8 tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ ìlà mẹ́wàá sọ́tọ̀, kí ó jẹ́ àwọn tó dọ̀tí jù: èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ṣófo, èyí tí kọ́mà wà nínú orúkọ rẹ̀, èyí tó ní àmì ohùn, èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kó wọn wọlé lẹ́ẹ̀mejì nínú ètò ọ̀fẹ́ tàbí ti ìdánwò, kí ẹ sì ka iye iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ojúlówó fáìlì wọlé, ẹ sọ Excel àtijọ́ di èyí tí a lè kà ṣùgbọ́n tí a kò lè kọ sí, àyàfi bí ẹ bá ti mú monday.com tàbí Jira tí ẹ sì fẹ́ máa fi Excel tún un ṣe.